Lou Suqiong Ọlọ́wọ́-Òsì, Gbẹ́nàgbẹ́nà Ilẹ̀kùn

Ìyá Lou Suqiong máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí ọmọbìnrin náà, ọwọ́ òsì ló fi di aṣọ agbẹ̀bí mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tí ọmọ fi máa pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀rín ti tán, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ìdí oúnjẹ. Ènìyàn méje ló ń yí tábìlì kan ká nílé wọn, igi ìjẹun méjì-méjì lọ́wọ́ kálukú. Bí Suqiong bá ti na ọwọ́ òsì sí àwo ẹ̀fọ́, ìgúnpá rẹ̀ a gbá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ìrẹsì a fọ́n sílẹ̀.

“Tún gbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a wí, “kí n fi igi yìí gún ẹ nímú.”

Nígbà tó sú ìyá wọn, ó mú ọ̀já pupa kan, ó fi so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ àga. Odidi ọdún kan ni Suqiong fi jẹun báyẹn. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, nígbà tó sì dé ilé ìwé, ọ̀tún náà ló fi kọ̀wé. Ṣùgbọ́n tó bá kan ohun tó fẹ́ agbára, tàbí ohun tó wù ú láti ọkàn wá, òsì ni. Òsì ló fi ń ju òkúta, òun ló fi ń gé koríko, òun náà ló sì fi ń la igi ìdáná.

Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa àti ilé wọn. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n Qiong ni mo sì ń pè é títí di òní. Ohun tí mi ò fojú mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti máa ń jókòó ṣa ẹ̀wà ní oòrùn àárọ̀.

Ní Dongyang tiwa níbí, ní ilẹ̀ Ṣáínà, iṣẹ́ igi ni iṣẹ́. Ọmọ tí kò bá mọ̀wé yóò mọ irin ìgbẹ́gi. Nígbà tí Suqiong pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lábúlé wa ń wá òṣìṣẹ́. Àpótí igi káńfọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí kòkòrò kì í lè jẹ aṣọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ibùsùn ìyàwó àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá wọn ni Jin Bozhang, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi sìgá kan há ẹ̀yìn etí láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í sì í tanná ràn án nínú ilé iṣẹ́ nítorí ìyẹ̀fun igi tó wà káàkiri.

Lọ́jọ́ tí Suqiong lọ wáṣẹ́, Ọ̀gá Jin na òòlù àti irin ìgbẹ́gi sí i. Suqiong fi òsì gba òòlù.

“Ọwọ́ kejì,” ni ọ̀gá wí.

“Ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyí, Ọ̀gá.”

“Níbí kọ́. Ènìyàn méjìlá ló ń jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan. Bí mọ́kànlá bá ń gbá òòlù síhìn-ín, tí ìwọ nìkan ń gbá a sọ́hùn-ún, ta ló máa tọ́jú orí tó bá fọ́?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kó lọ bá àwọn tó ń fi sáńpépà dán igi.

Ọdún méjì ló fi dán igi. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìka pa iṣẹ́ ẹlòmíràn lára lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rù ti ba oníṣẹ́. Ohun kan sì wà tí Suqiong ṣàkíyèsí. Ilẹ̀kùn wa, méjì-méjì ni. Ohun tó bá wà lára ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjú sí ti èkejì, nítorí ohun rere kì í dá rìn. Ẹyẹ ara ilẹ̀kùn ọ̀tún a kọjú sí òsì, ti òsì a kọjú sí ọ̀tún, wọ́n á pàdé láàárín. Ti ọ̀tún ló máa ń dára. Ti òsì a máa dà bí ẹni tó sùn tí orí yẹ̀ lórí ìrọ̀rí, tó wá jí tí ọrùn ń dùn ún. Ọwọ́ ọ̀tún ló fà á. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ mú bírò kí ẹ ya ojú ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún yà á, imú rẹ̀ á kọ sí òsì kí ẹ tó rò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́, Fang Zhenlu, sọ òòlù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó lọ jẹun. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ló ń gbẹ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó, akọ àti abo, àwọn tí a ń fi tọrọ pé kí tọkọtaya má ṣe ya ara wọn. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ti parí, ó ń dán. Ti apá òsì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu rárá.

Ilé iṣẹ́ dá páropáro. Suqiong fi sáńpépà sílẹ̀, ó jókòó sórí àga Zhenlu, ó fi òsì mú òòlù. Ó ní òun kò rántí pé ẹ̀rù bà òun. Ohun tí òun rántí kò ju pé igi náà rọ̀, ó sì ń ta sánsán, àti pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, kò sí ẹni tí ìgúnpá òun gbá.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Zhenlu dúró síwájú bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ kan pẹ́pẹ́yẹ mi?”

“Èmi ni,” ni Suqiong dáhùn láti ìdí sáńpépà rẹ̀.

“Ìwọ onísáńpépà yìí?”

“Òkè ló ń wò bí ẹni tó ń retí òjò. Mo yí i lójú padà kó lè rí ìyàwó ẹ̀.”

Ọ̀gá Jin dé, ó fi àtàǹpàkò tọ orí pẹ́pẹ́yẹ náà wálẹ̀ dé ọrùn, ó tọ̀ ọ́ dé ìyẹ́. Ó jáde sí àgbàlá, ó yọ sìgá ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó mu ún tán pátápátá. Wọ́n ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ìgbà tó wọlé padà, ó bi Zhenlu pé:

“Nínú méjèèjì, èwo ló dára jù?”

Zhenlu kì í ṣe òpùrọ́, bó tilẹ̀ ṣe pé inú ń bí i. “Tirẹ̀ dára, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìrù tèmi dára ju ìrù tirẹ̀ lọ.”

“Òótọ́ ló sọ,” ni Suqiong wí. “Mi ò tíì mọ ìrù.”

“Ó dáa,” ni Ọ̀gá Jin wí. “Ẹ gbé àga ọmọbìnrin yìí lọ sí ìkángun bẹ́ǹṣì, kí orí má baà fọ́. Láti òní lọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwọ mú òsì, ìwọ mú ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ bọ́ síta. Ẹ má jà lójú igi.”

Wọ́n jà dáadáa. Suqiong yára, Zhenlu kò kánjú. Bí ẹja ti Suqiong bá ti parí títí dé ìpẹ́, ti Zhenlu a ṣì jẹ́ pákó. “Ẹja mi ti ń dúró dè ẹ́ láti àná, ó ti fẹ́ rà,” Suqiong a wí. Zhenlu a ní, “Jẹ́ kó rà. Tèmi ni wọ́n máa rà lọ́jà.” Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń bú ara wọn báyìí, tí ilẹ̀kùn wọn sì ń jáde lọ ní méjì-méjì, tí oníbàárà kò lè mọ ibi tí ọwọ́ kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Zhenlu gbé nǹkan kan tí ó fi aṣọ wé wá sílé wọn. Irin ìgbẹ́gi mẹ́sàn-án ni. Irin ọjà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n pọ́n ọn fún, gbogbo èyí tí ẹnu rẹ̀ dagun, apá kan náà ló dagun sí. Zhenlu ti jókòó sí ìdí òkúta ìpọ́nrin fún oṣù mélòó kan, ó pọ́n mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí òdì kejì. Nígbà tó lọ tán, ìyá Suqiong tú aṣọ náà, ojú rẹ̀ korò.

“Irin? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà wọn, wọ́n ń gba aago ọwọ́. Irin ni tìẹ?”

“Màmá, òsì ló pọ́n ọn sí.”

Ìyá rẹ̀ mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá fi sí ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀, ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀já so rí.

“Sọ fún un kó wá jẹ núdù,” ló wí.

Lọ́dọ̀ wa, bí ìyá ọmọbìnrin bá se núdù fún ọ ní ọjọ́ àkọ́wá, tí o tú u wò tí o rí ẹyin méjì nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n ti fún ọ lọ́mọ. Zhenlu rí ẹyin mẹ́ta.

Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Miaoqin. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tilẹ̀kùn, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí iyàrá iwájú ilé tiwọn, iṣẹ́ ń wọlé. Mo máa ń gbọ́ òòlù méjèèjì láti ẹ̀yìn ògiri, ọ̀kan kíákíá, ọ̀kan jẹ́jẹ́. Nígbà tí a bá gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo, a mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ fi omi sórí iná fún tíì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan láti ìlú ńlá wá wo ibùsùn tó ní kí wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó rí àdán márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ yí orí ibùsùn ká, ó fà sẹ́yìn.

“Màmá Miaoqin, kí lẹ fi àdán ṣe níbi tí ọmọ mi máa sùn sí? Ẹ̀rù á máa bà á.”

“Ẹ pe orúkọ ẹ̀.”

“Orúkọ ta ni?”

“Ti àdán. Ẹ pè é sókè.”

Ọkùnrin náà pè é. Ní èdè tiwa, àdán àti oríire, ohùn kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu.

“Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yẹn? Ẹ fẹnu yín pe oríire sórí ọmọ yín, ẹ tún ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ó yá, èwo nínú márùn-ún ni kí n yọ? Ẹ̀mí gígùn ni, tàbí ọrọ̀? Ara líle ń kọ́? Àbí ìwà rere lẹ ò fẹ́? Ti ìkarùn-ún, ikú ìrọ̀rùn ni, ìyẹn ṣì jìnnà.”

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, Màmá.”

“Ẹ wá san owó mẹ́fà,” ni Zhenlu wí láti orí àga rẹ̀. “Ọ̀kan tún wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn tí ẹ ò tíì rí.”

Iṣẹ́ tó tóbi jù tó tọ̀ wọ́n wá ni ti gbọ̀ngàn ìdílé Lu, ní abúlé Hebian tó wà ní òdì kejì odò. Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà, débi pé bí ẹnì kan bá sín, erùpẹ̀ á wálẹ̀. Bàbá Lu Guangyao, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló wá bá wọn. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni, oríṣi mẹ́rin. Ẹja, kí oúnjẹ máa ṣẹ́kù. Àgbọ̀nrín, kí ọmọ ìdílé máa rí ipò. Àdán àti èso ẹ̀mí gígùn. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹyẹ ayọ̀ méjì lórí ẹ̀ka igi tó ń yọ òdòdó nínú òtútù, ẹyẹ dúdú-òun-funfun onírù gígùn tí ó máa ń ké láàárọ̀ bí àlejò rere bá ń bọ̀. Ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ìdílé tó péjọ fún àwọn baba ńlá wọn láàárín ìgbà òtútù.

Wọ́n ṣe méje. Ó ku ọ̀kan, ilẹ̀kùn ọ̀tún ti ẹyẹ ayọ̀, èyí tí í ṣe ti Zhenlu. Ìgbà náà ni Zhenlu gun igi kákì ẹ̀yìnkùlé láti já èso tó ti pọ́n bí tòmátì. Ẹ̀ka dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Ó jókòó sáàárín èso tó fọ́, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún mọ́ra, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé, “Má tíì pe Màmá Miaoqin. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ronú ohun tí mo máa sọ.”

Ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́. Wọ́n fi ẹfun líle dì í láti ìka dé ìgúnpá. Dókítà ní oṣù mẹ́ta. Ó ku àádọ́rin ọjọ́ sí àpéjọ.

“Ẹ̀rọ wà ní ojú títì,” ni Zhenlu wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. “Ọjọ́ kan péré ló máa fi gbẹ́ ẹ.”

“Ẹ̀rọ ò mọ ìdí tí ẹyẹ fi ń yọ̀.”

“Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. O kàn ń gbẹ́ ẹ ni.”

“Bàbá Miaoqin, ẹni tó bọ́ látorí igi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ.”

Suqiong fi òsì gbìyànjú rẹ̀ lórí pákó àlòkù. Ẹyẹ náà jáde bí adìyẹ tí ó ṣìnà lọ́jọ́ ọjà. Ó gbẹ́ òmíràn, adìyẹ kejì. Ó dáná sun méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́jọ lọ báyẹn, oorun rẹ̀ sì ti ń dínkù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo gbé ẹ̀pà sísè lọ bá wọn. A ń jẹun, a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ ẹnì kan tó sọnù. Mo rí Ẹ̀gbọ́n Qiong tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ń fi igi ìjẹun mú ẹ̀pà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀pà tó rin fún omi, tó ń yọ̀, kò sì já ẹyọ kan sílẹ̀.

“Kí ló dé?” ni Zhenlu bi í.

“Ọwọ́ yìí mọ nǹkan,” ló wí.

Kò parí oúnjẹ. Ó gba àpótí irin ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀tún mú òòlù bí ẹni mú ọmọ ọlọ́mọ. Irin kọ́kọ́ já sí i lórí àtàǹpàkò. Ó fi aṣọ wé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Zhenlu gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tíì lọ́wọ́ òsì, ó di ọ̀gá.

“Rọra. Má pa á, ẹyẹ ni.”

“Dákẹ́.”

“Gbé ẹnu irin sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Wò ó, ó ku díẹ̀ kí o dèèyàn.”

“Bí mo bá ju òòlù yìí, ọ̀tún ni mo máa fi jù ú, mi ò sì mọ ibi tó máa bà.”

Ohun tí òsì rẹ̀ lè ṣe láàárọ̀ kan, ọ̀tún ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣe é. Ìyẹ́ wínníwínní tí Zhenlu máa ń fà bí irun, kò lè fà á. Ó gbẹ́ ìyẹ́ ńláńlá, tí ó sùn lé ara wọn bí ti ẹyẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Ikùn ẹyẹ náà rì díẹ̀ sórí ẹ̀ka. Ojú rẹ̀ nìkan ló dára láìkù síbì kan. Ojú náà ń wo ẹyẹ tó wà lódì kejì gan-an.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kọ́ ní Hebian nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Àwọn àgbà Lu tò wá, Bàbá Guangyao wọ awò ojú, ó wo ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Ó dé ìdí èyí tó kẹ́yìn, ó dúró.

“Màmá Miaoqin, ẹyẹ ọ̀tún yìí…”

“Iṣẹ́ mi ni, Olùkọ́. Ọwọ́ ọkọ mi ṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá san, á wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.” Ojú tì í, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀kan ní kò bá èkejì mu. Òmíràn ní àjọyọ̀ ti dé, kí ni a fẹ́ ṣe? Ìyá Bàbá Guangyao, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ẹyẹ òsì, ó fọwọ́ pa ẹyẹ ọ̀tún, ó pẹ́ níbi ikùn rẹ̀.

“Èyí ṣì jẹ́ ọmọge,” ó wí nípa ti òsì. Ó gbá ti ọ̀tún níkùn pẹ́pẹ́. “Èyí ti bímọ. Mẹ́fà, ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, àwọn tó wà létí odò gbọ́ ọ. Bàbá Guangyao bọ́ awò rẹ̀, ó ń nu ojú.

Zhenlu kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọwọ́ tún ń ṣiṣẹ́, ó gbé irin rẹ̀ lọ sí Hebian láti tún ìyẹ́ náà ṣe. Wọ́n fún un ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti ọtí ìrẹsì gbígbóná, wọ́n sìn ín délé. Ó tún lọ. Wọ́n tún fún un lóúnjẹ. Ìgbà kẹta, ó jẹun débi pé ó gbàgbé àpótí irin rẹ̀ síbẹ̀, Suqiong ló lọ gbé e wá.

“Wọ́n ní kí n kí ẹ,” Suqiong sọ fún un. “Wọ́n ní ìyàwó ẹ mọṣẹ́ jù ẹ́ lọ.”

“Irọ́ ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni.”

Láti ìgbà náà, ọwọ́ méjèèjì ni Suqiong ń lò. Bí òsì bá rẹ̀ ẹ́, a gbé òòlù sí ọ̀tún. Zhenlu máa ń ṣàròyé pé obìnrin yìí ti gba iṣẹ́ òun mọ́ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú, inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ láti jókòó ti tíì. Ọ̀gá Jin ti kú nígbà yẹn. Suqiong ní ó dun òun pé kò rí ẹyẹ abiamọ náà.

Miaoqin ń gbé ní Hangzhou báyìí, òun àti ọkọ rẹ̀, nínú ilé alájà mẹ́tàlélógún. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Suqiong lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Ó ní ilé náà dára, omi gbígbóná ń jáde látinú ògiri, ọmọ òun ń se oúnjẹ aládùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé pákó kékeré kan sórí itan, tó gbá òòlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ará ìsàlẹ̀ á gbá àjà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni,” ló sọ fún mi. “Èmi náà ń kí wọn padà.”

Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń gé igi káńfọ̀ àtijọ́ kan kúrò lójú pópó. Suqiong sọ̀kalẹ̀, ó bá àwọn tó ń gé e sọ̀rọ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ègé igi kan tó tóbi tó orí màlúù lápá. Gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Awakọ̀ wò ó nínú dígí.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn gbẹ́?”

“Mi ò tíì mọ̀ o, ọmọ mi,” ló dáhùn, ó gbé igi náà kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e títí wọ́n fi délé.